Ojú Òkúta, Ẹ̀yìn Òkúta

Ẹni tó bá ti Èjìgbò lọ sí ìlú òyìnbó, tó sì padà wálé lọ́wọ́ òfo, ó yẹ kó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo lò ní ilẹ̀ Faransé. N kò ra ọkọ̀, n kò kó fíríìjì bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gíga kankan. Òkúta kan tó tẹ́ bí ìpẹ́ ẹja ni mo gbé lọ, òun náà ni mo sì gbé padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pé kí ni mo lọ ṣe gan-an, ẹ fìdí mọ́lẹ̀, mo fẹ́ sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbàdí ṣòkòtò

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yọ́ irin oríṣiríṣi pọ̀ nínú ìléru oníná, kí n sì jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, títí yóò fi di òkúta dídán tí inú rẹ̀ tò létòlétò. Kírísítálì ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Òkúta ni èmi ń pè é. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe olùkọ́, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo dán an wò kí ẹyọ kan ṣoṣo tó jáde, nítorí iná wa kì í dúró. Bí iná bá lọ ní ọjọ́ kẹrin, ìdàrọ́ lásán ni mo máa bá nínú ìléru. Èyí tó wá jáde náà ṣẹ́ nígbà tí mo ń yọ ọ́. Ó fẹ̀ lápá kan, ó tín-ín-rín lápá kejì, ó tẹ̀ wọnú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá rí bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́. Kò tóbi tó èékánná ọmọ ìka.

Tẹ́lọ̀ ni bàbá mi. Àbíjàn ló ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ọmọ ọdún méjìlá sì ni mí nígbà tí a kó padà wá sí Èjìgbò. Nígbà tí àwọn òyìnbó kọ̀wé pè mí, ó bi mí pé kí ló wà nínú òkúta yìí. Mo mú rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò kan lórí tábìlì rẹ̀.

“Bàbá, tí ẹ bá fẹ́ so rọ́bà yìí pọ̀ yípo, tí ẹ ò sì mọ̀ pé ó ti lọ́ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó rán an ńkọ́?”

“Ó bàjẹ́ nìyẹn. Mo máa tú u ni.”

“Tí ẹ bá nà án ńkọ́? Tí ẹ bá fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́?”

“Ìlọ́ ò gbọ́ áyọ́ọ̀nù, Ràṣídá. Títú ni.”

Mo ní ohun tó wà nínú òkúta náà nìyẹn. Ìlọ́ kan wà nínú ọ̀nà tí iná ń gbà rìn nínú rẹ̀, tí títẹ̀, nínà tàbí ìdọ̀tí díẹ̀ kò lè mú kúrò. Nítorí ìlọ́ yẹn, àárín òkúta kì í jẹ́ kí iná kọjá, etí rẹ̀ ni iná ń gbà. Apá kan ṣoṣo ló sì ń gbà yí etí náà po, bí àwọn tó lọ sí Mẹ́kà ṣe ń yí Kaábà po: òsì gbogbo wọn ni Kaábà wà, kò sì sí ẹni tó ń yí padà kọjú sí èrò. Òòfà tó wà nínú òkúta ló ń pinnu apá tí iná yóò gbà. Bí orí òòfà náà bá kọjú sókè, apá kan; bó bá dojú délẹ̀, apá kejì. Bàbá mi ní òun ti gbọ́. Ó ní ṣé wọ́n á máa fún mi lóúnjẹ níbẹ̀.

Ọjọ́ tí mo gúnlẹ̀

Àárín àwọn òkè tí yìnyín bo orí wọn ni ìlú náà wà. N kò tíì rí ibi tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, kò sí ẹni tó ń tẹ fèrè. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní mo kí ènìyàn mẹ́fà lójú ọ̀nà. Àwọn méjì dáhùn, àwọn mẹ́ta ń lọ ní tiwọn, ẹnì kan wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí.

Ẹni tó ṣílẹ̀kùn ilé iṣẹ́ ìwádìí fún mi ni Mùsíọ̀ Rọnẹ́, bàbá onírun funfun tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ. Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Bàbá náà yára bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú mi, ó ní kí ló jábọ́ lọ́wọ́ mi, kí òun bá mi wá a. A jọ ń wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ pé ìkíni ni.

Ọ̀gá tó pè mí, Màdáàmù Elẹ́ẹ̀nì, bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n máa pe òun ní Elẹ́ẹ̀nì lásán. Ó jù mí lọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Mo ní mo ti gbọ́, mo sì ń pè é ní Màdáàmù títí mo fi padà wálé.

Faransé Àbíjàn

Mo ti fọ́nnu nílé kí n tó lọ pé èmi gbọ́ Faransé. Mo gbọ́ ọ lóòótọ́, àmọ́ Faransé inú ọjà ni. Ní Àbíjàn, “tí” ni à ń sọ fún gbogbo ayé, èyí tó túmọ̀ sí “ìwọ”: oníbúrẹ́dì, ọlọ́pàá, ìyá arúgbó. Ní ilẹ̀ Faransé gan-an, “fú” ni wọ́n ń sọ fún àgbà àti fún ẹni tí wọn ò mọ̀, bí a ṣe ń sọ “ẹ” nílé. Èmi tí ẹnu mi kò lè sọ “o” sí ẹni tó fi ọdún kan jù mí lọ ní Èjìgbò, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń pe gbogbo àgbà ilé iṣẹ́ náà ní “ìwọ”.

Mùsíọ̀ Rọnẹ́ ló là mí lójú. “Tèmi ò ni mí lára,” ló wí, “ó ń dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ sí ọ̀gá àgbà o.”

Mo ti sọ ọ́ sí ọ̀gá àgbà lẹ́ẹ̀mẹta. N kò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

N kò tilẹ̀ pàdánù púpọ̀. Wàrà tí wọ́n ń jẹ ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù, tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń gé e fún àlejò. Wọ́n á jókòó ti oúnjẹ fún wákàtí kan, oúnjẹ mìíràn ni wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo bèèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó ń gbọ́únjẹ níbẹ̀ a máa fi ewé kan sórí èyí tí mo lè jẹ, n kò sì ní láti bèèrè mọ́. Èmi náà fún Mùsíọ̀ Rọnẹ́ ní gààrí tí ìyá mi fi ẹ̀gẹ́ oko rẹ̀ ní Isundunrin ṣe. Ó da omi gbígbóná sí i, ó sì fi ṣíbí mu ún bí ẹ̀kọ. Mo fi í sílẹ̀.

Ní Sátidé kejì, mo rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta àtíẹkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a máa ń jẹ ní Àbíjàn. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù, ará Bùwàké ní orílẹ̀-èdè tí Àbíjàn wà, gbọ́ ohùn mi, ó sì pariwo. “Anàngó!” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe Yorùbá lọ́hùn-ún. “Èjìgbò ni, àbí?” Ó ní gbogbo Anàngó tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun, Èjìgbò ni wọ́n ń dárúkọ. Ó bù sí i fún mi. Láàárín àwọn onílẹ̀, àjèjì bíi tèmi ló kọ́kọ́ mọ ilé mi.

Ọwọ́ òsì

Ẹ̀rọ tí wọ́n fún wa láti fi wo òkúta jẹ́ ẹ̀rọ amútutù, tó ń mú nǹkan tutù ju yìnyín lọ lọ́nà tó pọ̀. Kò ní òòfà nínú. Èyí tó ní òòfà wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn, ó sì di ìgbà tí mo bá ti lọ kó tó kàn wá. Nítorí náà, orí tábìlì ni mo ti gbé òkúta mi sáàárín òòfà ńlá méjì, títí orí òòfà tirẹ̀ fi kọjú sókè. Òkúta yìí kì í gbàgbé. Bí o bá ṣe fi í sílẹ̀ ni wàá ṣe bá a. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi. Bàbá mi ní ó jọ ẹsẹ̀ ọmọ tuntun.

Mùsíọ̀ Rọnẹ́ wá fi ẹ̀mú kékeré mú òkúta náà, kó lè gbé e fún mi, kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó máa wà nínú ẹ̀rọ. Ọwọ́ òsì ló fi nà án sí mi.

Mo mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Òsì ló fi ń kọ̀wé, òun ló fi ń jẹun, mo sì ti ń gba tíì lọ́wọ́ òsì rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní láì wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún mẹ́rin mi ló wà lẹ́nu ẹ̀mú yẹn. Ọwọ́ mi kọ̀, kò gbéra. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Pàpá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ọ̀tún. Nílé wa, a kì í fi òsì fúnni ní ohun rere.”

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá àgbà òun a máa sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ó gbé ẹ̀mú bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún tí kò mọ̀ ọ́n lò, òkúta sì yọ bọ́ sórí bébà tó wà lórí tábìlì. Ó ṣà á, ó tún un nà sí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́. Ojú méjèèjì òkúta náà ló ń dán bákan náà.

Ọdún méjì

Ọjọ́ kejì ni ẹ̀rọ tutù tó. Iná gba etí òkúta mi, kò gba àárín. Mo wọ ilé ìyàgbẹ́, mo sunkún díẹ̀, mo bọ́jú, mo jáde.

Nígbà tí mo padà dé, Màdáàmù Elẹ́ẹ̀nì ń wo ìwé ìṣirò rẹ̀, ó sì ń wo ẹ̀rọ. Ìṣirò wọn ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí orí òòfà bá kọjú sókè, iná yóò yí bí àwọn alálàájì ṣe ń yí Kaábà. Tiwa ń yí lódìkejì. Wọ́n tú wáyà, wọ́n tún un so. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá. Ìkan náà ni. Màdáàmù jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

“Bí èyí bá jẹ́ òótọ́,” ló wí, “a jẹ́ pé ìlọ́ mìíràn wà nínú òkúta rẹ tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí rí.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní mo lè padà wá fún ọdún méjì. Ìléru kan á jẹ́ tèmi nìkan. Mo pe bàbá mi lórí fóònù.

“Ọdún méjì?”

“Ọdún méjì, Bàbá. Ìléru tèmi nìkan. Iná wọn kì í lọ.”

“Alihamudulilahi.” Ó tún bi mí. “Kì í lọ rárá?”

“Kì í lọ rárá.”

Ó ní kí n fi fọ́tò òkúta náà ránṣẹ́ sí òun bó ṣe wà nínú ẹ̀rọ, kí òun fi han àwọn oníbàárà òun.

Ohun tí tẹ́lọ̀ rí

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí n tó mu tíì tán, ohùn bàbá mi ti wọlé sórí fóònù.

“Ràṣídá, mo rí i o. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ gbé sókè. Èyí tó o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Èyí, ẹsẹ̀ òsì ni. Àbí òkúta méjì ni?”

Ọjọ́ ti pẹ́ tí bàbá mi ti ń gé aṣọ. Kó tó ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ, ó ti mọ ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, kì í sì í rán apá òsì mọ́ èjìká ọ̀tún. Mo gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo yí wọn síwá, mo yí wọn sẹ́yìn. Ọ̀kan kò di èkejì.

Òkúta náà ti dojú délẹ̀ nígbà tó bọ́ lẹ́nu ẹ̀mú. Orí òòfà rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Kò sí ìlọ́ tuntun kankan nínú rẹ̀. Ohun tí ìṣirò ní yóò ṣe gẹ́lẹ́ ló ń ṣe, àwa la gbé e sódì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́. Mo fẹ́ ọdún méjì yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: fún ọjọ́ mẹ́ta, mo fẹ́ ẹ ju òótọ́ lọ. Mo ń rò ó pé ìgbà tí ẹ̀rọ olóòfà bá kàn wọ́n ni wọ́n á tó mọ̀, nígbà yẹn mo ti tọwọ́ bọ̀wé. A máa ń sọ nílé pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Mo ní ogún ọdún kọ́ ni mo ń wá, méjì péré ni.

Ní ọjọ́ kẹrin, Màdáàmù ní kí n dúró níwájú àwọn mẹ́rin nínú wa, kí n fi ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ nípàdé níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀ dánra wò. Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo dé ibi tó yẹ kí n ti sọ pé, “Orí òòfà kọjú sókè,” n kò rí i sọ. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù fún mi. Mo mu omi. Mo ní:

“Màdáàmù, òkúta náà dojú délẹ̀.”

Mo fi fọ́tò méjèèjì hàn wọ́n, mo sì sọ bó ṣe jábọ́. Mùsíọ̀ Rọnẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Èmi ni. Ọwọ́ mi ló ti bọ́.”

“Rárá, Pàpá. Ọwọ́ tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lò lẹ fi mú un wá. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀.”

Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná padà, a yọ òkúta, a gbé kọ́ńpáàsì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ́rìí sí i. A dá ojú òkúta padà sókè, a tún un wò. Iná yí etí rẹ̀ po bíi ti Mẹ́kà.

Màdáàmù pè mí sí yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó ní òkúta mi mọ́, iṣẹ́ mi sì dára, a ó jọ kọ ọ́ jáde. Mo bi í nípa ọdún méjì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ohun tuntun ni mo fi bèèrè ààyè yẹn. Mi ò lè fi èyí bèèrè rẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún wa.”

“Fú” ló fi sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ náà, òun tó ti ń sọ “tí” láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ọ̀wọ̀ ni tàbí ó ti jìnnà sí mi. Lẹ́nu ọ̀nà, Mùsíọ̀ Rọnẹ́ bi mí pé ta ló rí àṣìṣe náà. Mo ní bàbá mi ni, tẹ́lọ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ilé

Mo ti padà sí Èjìgbò láti oṣù méjì. Mo sọ fún bàbá mi pé òótọ́ ni ohun tó rí, pé wọ́n ti tún un ṣe. N kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò gbọ́ ọ. “Ẹ̀rọ òyìnbó ò rí i,” a máa wí, “èmi ni mo rí i láti ibí.” Ó ti ń rán ẹ̀wù òtútù kan fún mi, aláwọ̀ búlúù, tó fi aṣọ nípọn ṣe inú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ó ku bọ́tìnnì. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí a bá ti kírun tán, á bi mí pé, “Wọn ò tíì pè?” Èmi náà á ní, “Wọn ò tíì pè, Bàbá.”

Ohun tí mo bá kọ, bàbá mi ló máa ń kọ́kọ́ kà á, ó sì máa ń kà á sókè fún ẹni tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù. Yóò ka èyí náà. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn, nítorí ojú mi kò gbà á láti sọ ọ́ lójúkojú.

Bàbá mi, ibi tí ẹ dé yìí, ẹ má kà á sókè mọ́. Ẹ fi ojú kà á.

Wọn ò ní pè. Fọ́tò tí ẹ wò yẹn ló parí rẹ̀. Ojú yín ò ṣì rárá, Bàbá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bínú sí yín pé ẹ rí i.